Èèrà Pupa, Olùṣọ́ Igi Máńgòrò

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ ní Kika, tí ilẹ̀ gbígbẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ máńgòrò ń pọ́n. Igi kan ṣoṣo lẹ́yìnkùlé lè bọ́ àwọn ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó sì lè fún ìyá wọn ní owó tí yóò fi ra iyọ̀, ọṣẹ àti ìwé ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà náà gan-an ni èso ń já bọ́ sílẹ̀ kí ọwọ́ ẹni tó ni igi tó kàn án. A mú ọ̀kan, èèpo rẹ̀ dán lójú. A là á sí méjì, ìdin funfun ló ń yí nínú rẹ̀. Ta ni yóò ra irú èyí lọ́jà?

Kika jẹ́ ọ̀kan lára àwọn agbègbè 7 tó wà lábẹ́ kọ́múùnù Tchaourou, ní ẹkùn Borgou. Láti ibẹ̀ títí dé àyíká Parakou, máńgòrò àti kajú jẹ́ igi tí àwọn ìdílé gbẹ́kẹ̀ lé. Nítorí náà, nígbà tí ìdin bá wọ èso, oúnjẹ àti owó ilé ni ó wọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ronú pé oògùn apakòkòrò nìkan ló lè gba àwọn là. Àwọn onímọ̀ tó ṣe ìwádìí nínú oko máńgòrò ní Borgou fúnra rẹ̀ rí ọ̀nà mìíràn. Ọ̀nà náà kò fẹ́ owó púpọ̀. Ó fẹ́ ọwọ́ wa méjèèjì, ó fẹ́ ìṣọ̀kan àwọn aládùúgbò, ó sì fẹ́ kí á jẹ́ kí èèrà pupa kan máa gbé orí igi wa, èèrà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi iná lé.

Ta ni ọ̀tá náà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹni tí yóò bá ọ̀tá jà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ó ń gbé.

Ohun tó ń ba máńgòrò jẹ́ ni eṣinṣin èso. Kì í ṣe eṣinṣin tó ń bà lé ọbẹ̀ nínú ilé. Ara eṣinṣin èso pọ́n díẹ̀, ó ní àmì tó dà bí àwọ̀ ìyeyè lẹ́yìn, ìyẹ́ rẹ̀ sì mọ́ gaara. Àwọn irú rẹ̀ kan ti wà nílẹ̀ wa láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù lọ, láti ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá. Ní ọdún 2003 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ rí i ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà. Ní ọdún 2004, wọ́n rí i ní Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Bactrocera invadens, èyí tó túmọ̀ sí agbógun-ti-ni. Ní ọdún 2015, wọ́n wá gbà pé ọ̀kan náà ni òun àti Bactrocera dorsalis, eṣinṣin tí àwọn ará Éṣíà ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́.

Jean-François Vayssières, onímọ̀ nípa kòkòrò láti ilé-iṣẹ́ ìwádìí CIRAD ti ilẹ̀ Faransé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka iye máńgòrò tó bàjẹ́ nínú àwọn oko ní Borgou. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, nínú 100 máńgòrò, nǹkan bí 17 ni eṣinṣin ti bà jẹ́. Nígbà tí ó fi di àárín oṣù kẹfà, iye náà ti ju 70 lọ. Òjò ló fa ìyàtọ̀ yìí. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, eṣinṣin tó ti Éṣíà wá yìí a máa pọ̀ sí i kíákíá. Ìdí nìyí tí máńgòrò tí kò tètè pọ́n fi ń jìyà ju èyí tó tètè pọ́n lọ.

Bí ó ṣe ń gbé ayé rẹ̀ nìyí. Abo eṣinṣin ní ohun mímú kan ní ìdí rẹ̀, bí abẹ́rẹ́. Ó ń fi í gún èèpo èso, ó sì ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Ẹyọ kan lè yé ẹyin tó lé ní 1000 kí ó tó kú. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹyin di ìdin, ìdin sì ń jẹ ẹran èso náà. Èso náà rà, ó já bọ́. Ìdin jáde, ó wọ inú ilẹ̀ díẹ̀, ó sì di ohun kékeré kan tó le, tó dà bí hóró ìrẹsì. Lẹ́yìn ọjọ́ bí 10, eṣinṣin tuntun jáde láti inú ilẹ̀, ó sì tún gbéra lọ sórí igi. Láti ẹyin dé eṣinṣin, gbogbo rẹ̀ lè má ju ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 lọ.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọkàn sí ohun kan níbẹ̀. Máńgòrò tó jẹrà tí a fi sílẹ̀ lábẹ́ igi, ilé tí eṣinṣin ọ̀la ń gbé ni.

Kí ló dé tí oògùn kò fi tó?

Bí a bá fín oògùn sórí igi, ìdin wà nínú èso. Oògùn kì í sábà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tó wà nínú ilẹ̀ kò gbọ́ rárá. Eṣinṣin tó wà lórí igi aládùúgbò yóò fò wá ní ọjọ́ kejì. Àwọn kòkòrò tó ń bá wa pa eṣinṣin ni oògùn máa ń kọ́kọ́ pa.

Ewu rẹ̀ sí ènìyàn tún ju èyí lọ. Oògùn tó wọ́pọ̀ jù lọ ní abúlé ni oògùn òwú. Òwú ni wọ́n ṣe é fún. Wọn kò ṣe é fún èso tí ọmọ ń já lórí igi, tí ó sì ń jẹ lójú ẹsẹ̀ láìfọ̀. Àwọn ará Borgou kò gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1999 àti 2000. Nígbà náà, oògùn òwú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ endosulfan ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní jàǹbá, àwọn kan sì kú. Àwọn kan jẹ oúnjẹ tí oògùn ti kàn. Àwọn kan lo agolo oògùn tó ti ṣófo láti fi bu omi tàbí oúnjẹ. Ní ọdún 2011, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi endosulfan sínú àwọn oògùn tí wọ́n fẹ́ kí ó kúrò ní ayé pátápátá, nínú àdéhùn tí wọ́n ń pè ní Àdéhùn Stockholm.

Kí á tó gbé oògùn lọ sídìí igi tó wà nínú àgbàlá, ó yẹ kí á rántí èyí.

Ìgbà kan wà tí kòkòrò gba máńgòrò lọ́wọ́ kòkòrò

Ẹnìkan lè béèrè pé: ṣé kòkòrò lè bá wa ṣẹ́gun kòkòrò ní tòótọ́? Ìtàn Bẹ̀nẹ̀ dáhùn ìbéèrè náà.

Ní ọdún 1986, kòkòrò funfun kan wọ orílẹ̀-èdè yìí, tí ara rẹ̀ dà bí ẹni tí wọ́n da ìyẹ̀fun lé lórí. Ó ń mu omi ara ewé máńgòrò. Omi dídùn tó ń jáde lára rẹ̀ ń bo ewé, ohun dúdú bí èédú ìkòkò sì ń hù lórí omi náà. Igi kò lè so mọ́. Àwọn onímọ̀ lọ wá ọ̀tá kòkòrò náà ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ti ń gbé. Wọ́n rí agbọ́n kékeré kan tí kò lè ta ènìyàn, tó ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò funfun náà. Ní ọdún 1987, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Tógò. Ní ọdún 1988, ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA, tó ní ibùdó kan ní Abomey-Calavi, tú u sílẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Agbọ́n náà tàn káàkiri fúnra rẹ̀, kòkòrò funfun sì dín kù, igi sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í so.

Aimé Bokonon-Ganta, onímọ̀ ọmọ Bẹ̀nẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bi àwọn tó ní oko máńgòrò léèrè nípa èrè wọn. Èsì ìwádìí náà jáde ní ọdún 2002. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé, bí a bá pín in dọ́gba, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn ń jèrè nǹkan bí dọ́là Amẹ́ríkà 328 lọ́dún nítorí agbọ́n kékeré náà. Agbọ́n ló ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe igò oògùn.

Ti agbọ́n, ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ló ti wá. Ṣùgbọ́n olùṣọ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ti wà lórí igi wa tẹ́lẹ̀.

Èèrà tó ń rán ewé

Èèrà pupa yìí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Òun ló ń fa ewé tútù pọ̀, tí ó sì ń fi wọ́n ṣe ilé róbótó lórí igi. Bí ó ṣe ń ṣe é yani lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ èèrà yóò di ewé méjì mú kí wọ́n má baà ya. Àwọn mìíràn yóò gbé ìdin wọn sí ẹnu, nítorí pé ìdin náà ní okùn kan lára tó dà bí ti aláǹtakùn. Wọn yóò máa gbé e láti etí ewé kan dé èkejì, bí ahunṣọ ti ń ju ọ̀kọ̀ sọ́tùn-ún sósì nínú òfì, títí ewé yóò fi lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ìdílé èèrà kan lè ní ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ lórí igi bíi mélòó kan, ṣùgbọ́n ìyá kan ṣoṣo ló ń yé ẹyin fún gbogbo wọn.

Ohun tí a mọ̀ mọ́ ọn jù ni pé ó ń ge ni jẹ. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sun ilé rẹ̀ níná. Ṣùgbọ́n ẹran ni èèrà yìí ń ṣọdẹ. Ó ń rìn lórí ewé àti èso tọ̀sán-tòru, ó sì ń mú kòkòrò tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ̀. Eṣinṣin èso kì í rí àyè dúró yé ẹyin níbi tí èèrà ti pọ̀. Àwọn onímọ̀ tún rí i pé òórùn tí èèrà ń fi sílẹ̀ lára èso máa ń lé eṣinṣin, kódà bí èèrà náà ti kúrò níbẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti òní. Ìwé kan láti ilẹ̀ Ṣáínà, tí wọ́n sọ pé wọ́n kọ ní ọdún 304, sọ pé wọ́n ń ta ilé èèrà pupa lọ́jà, kí àwọn tó ní igi ọsàn lè so ó mọ́ igi wọn. Èèrà tiwọn àti tiwa kì í ṣe ọ̀kan náà gan-an, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ní Bẹ̀nẹ̀, àyíká Parakou ni wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ní ọdún 2005, Paul Van Mele, tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí ìrẹsì Áfíríkà, àti Vayssières pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yan oko máńgòrò 6. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí dé òpin oṣù karùn-ún, wọ́n ń yẹ èso wò ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ìbàjẹ́ tí wọ́n rí bẹ̀rẹ̀ láti èso 1 nínú 100 títí dé 24 nínú 100. Bí èèrà pupa ṣe pọ̀ tó nínú oko ló fa ìyàtọ̀ náà. Ní ọdún 2006, wọ́n tún dán an wò: wọ́n dí èèrà lọ́nà kí ó má lè dé ara àwọn èso kan, wọ́n sì jẹ́ kí ó dé ara àwọn mìíràn. Lórí oríṣi máńgòrò 3, Eldon, Kent àti Gouverneur, èsì kan náà ni wọ́n rí: níbi tí èèrà ti pọ̀, ìdin dín kù gidigidi. Àwọn àgbẹ̀ tó fara da èèrà ló kó èso tó dára jù lọ.

Ìwádìí mìíràn ní ẹkùn kan náà fi hàn pé èèrà yìí wúlò nínú oko kajú pẹ̀lú, nítorí pé ó ń mú àwọn kòkòrò tó ń ba òdòdó àti èso kajú jẹ́.

Bí a ṣe ń mú èèrà wá sórí igi

Bí èèrà bá ti wà lórí igi yín, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má ṣe lé e. Ẹ má sun ilé rẹ̀, ẹ má sì fín oògùn sí i.

Bí kò bá sí, ẹ wá igi tí ó wà lórí rẹ̀. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ooru kò tíì mú, ẹ gé ẹ̀ka tó ní ilé èèrà, ẹ jẹ́ kí ó bọ́ sínú àpò, kí ẹ sì di ẹnu àpò náà. Ẹ gé ilé bíi mélòó kan lórí igi kan náà. Ẹ so wọ́n mọ́ ẹ̀ka igi tiyín, kí ẹ sì tú ẹnu àpò kí èèrà lè jáde.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: ẹ má ṣe kó ilé èèrà láti inú ìdílé méjì sórí igi kan. Èèrà ìdílé kan kì í gba ti ìdílé mìíràn láyè. Wọn yóò ja ìjà àjàkú, igi yóò sì ṣófo.

Èèrà kì í fẹ́ràn láti gba ilẹ̀ kọjá níbi tí èèrà mìíràn wà. Nítorí náà, ẹ na okùn tàbí ọ̀pá láti igi dé igi kí wọ́n lè rí afárá gbà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ lè so orí ẹja tàbí egungun tó ṣẹ́kù mọ́ ẹ̀ka kí wọ́n má baà lọ.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ já èso, ẹ wọ aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀. Ẹ fi eérú ra ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín. Ẹ lo ọ̀pá gígùn tí a so àpò mọ́ lórí, kí ẹ má baà gun igi bí kò bá pọn dandan. Òwúrọ̀ tútù ni kí ẹ já a, nítorí pé ara èèrà kì í yá nígbà náà bí ìgbà tí oòrùn ti mú.

Èèrà náà ní àléébù. Ó ń sin àwọn kòkòrò kéékèèké kan tó ń fún un ní omi dídùn, omi yìí sì lè fi àmì dúdú sí ara èso díẹ̀. A lè fọ àmì náà kúrò. A kò lè fọ ìdin kúrò nínú èso. Ẹ má sì mú èèrà wá sórí igi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, tàbí tí àwọn àgbà ti ń jókòó gba afẹ́fẹ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ tí èèrà kò lè bá wa ṣe

Èèrà nìkan kò tó. Bí iná kò bá tán lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kò lè tán ní èékánná. Bí èso jíjẹrà bá kún abẹ́ igi, eṣinṣin yóò máa pọ̀ ju ohun tí èèrà lè lé lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ẹ ṣa gbogbo máńgòrò tó ti bọ́ sílẹ̀. Ẹ má ṣe kó wọn jọ sí igun ọgbà; ẹ kàn sọ ibùdó eṣinṣin di ibòmíràn ni. Ọ̀nà méjì ló dára. Èkíní, ẹ kó wọn sínú àpò ọ̀rá dúdú, ẹ di ẹnu rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì gbé e sínú oòrùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ooru yóò pa ìdin. Èkejì, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ, ìyẹn ni bí ibi orúnkún àgbàlagbà, ẹ da wọ́n sí i, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹran ọ̀sìn, ẹ lè fún wọn jẹ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ìdin tó ráyè jáde.

Ẹ jẹ́ kí adìyẹ máa tan ilẹ̀ lábẹ́ igi. Ó ń ṣa àwọn hóró kékeré tí ìdin ti dà nínú ilẹ̀. Ẹ já máńgòrò nígbà tí ó bá ti gbó tí kò tíì rọ̀, nítorí pé bí ó ti ń pẹ́ lórí igi ni eṣinṣin ń rí i sí i. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbin igi tuntun, kí ó mọ̀ pé àwọn oríṣi tó tètè pọ́n, bíi Gouverneur àti Eldon, a máa bọ́ lọ́wọ́ eṣinṣin òjò ju Keitt àti Brooks tó ń pẹ́ pọ́n lọ.

Igi mi àti igi rẹ

Ohun kan ṣì kù, òun ló sì ṣòro jù. Eṣinṣin kò mọ ààlà. Ẹni tó gbá abẹ́ igi rẹ̀ mọ́, tí aládùúgbò rẹ̀ kò sì gbá tirẹ̀, iṣẹ́ àṣedànù ni yóò ṣe. Eṣinṣin kan náà tún ń wọ inú gúáfà, ọsàn, àti èso igi tí a ń fi ṣe òrí. Kò sí ilé tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn.

Nítorí náà, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ máńgòrò dé ìpàdé abúlé, bí ọ̀rọ̀ kànga àti ọ̀rọ̀ ọ̀nà ti ń dé ibẹ̀. Kí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ta èso, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tó ní oko fi ohùn ṣọ̀kan lórí ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí gbogbo ilé yóò ṣa èso tó bọ́. Kí wọ́n gbẹ́ ihò kan fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tó ní èèrà lórí igi fún ẹni tí kò ní. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ kan kò lè lé eṣinṣin gbogbo abúlé.

Kí ẹ tó ná owó lórí igò oògùn kankan ní àkókò yìí, ẹ kọ́kọ́ gbé agbọ̀n lọ sábẹ́ igi yín, kí ẹ ṣa ohun tó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbójú sókè. Bí ẹ bá rí ewé tí wọ́n rán pọ̀ mọ́ ara wọn, tí èèrà pupa ń wọlé tí ó ń jáde níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ yín ló ń ṣe.